Ṣé àyà la fi ń ti híltì? Ìbéèrè ọmọ iṣẹ́ éésì kan láti Ìgbógbó

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ éésì ni mò ń ṣe, Ìgbógbó ní Ìkòròdú níbí ni mò ń gbé. Mo gba fúrídọ̀mù lọ́dún tó kọjá, mo sì ra híltì tèmi, ẹ̀rọ tó ń yí tó sì ń lu ihò sínú kọnkéré, 800 wáàtì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé àyà la fi ń ti híltì, pé ẹni tí kò bá lágbára kò lè lu òpó. Ó tún ní kí n tú ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí à ń fi ọwọ́ kejì mú, kúrò, pé ńṣe ló ń dí èèyàn lọ́wọ́ lórí àkàbà. Bí mo ṣe ń lò ó nìyẹn. Ní báyìí, ẹ̀rọ náà ń yí dáadáa àmọ́ kò lu mọ́. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ní Ṣábó sọ pé kọ́ìlì ló jó, kí n mówó wá kó bá mi rewáyà rẹ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni, àbí báwo?"

* * *

Àbúrò, má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀rọ tó ń yí dáadáa, tí kò rùn, tí kò rú èéfín, kọ́ìlì rẹ̀ kò jó. Kọ́ìlì ló ń mú mọ́tò yí. Bó bá jó, yíyí gan-an ni kò ní lè yí mọ́, tàbí kó máa yí tìrọ̀tìrọ̀ pẹ̀lú òórùn wáyà tó ń jóná. Lílù kò sí lọ́wọ́ kọ́ìlì rárá, ibòmíràn ló ti ń wá.

Kó o tó tú bóòtù kankan, wo kóńkó tí wọ́n fi ń yan iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà ná, èyí tí wọ́n ya àwòrán bíìtì (irin tó ń dá ihò) àti òòlù sí lára. Ó máa ń há sí àárín méjì, pàápàá tí eruku bá ti wọ̀ ọ́. Yí i dáadáa títí tó fi máa dún pà. Lẹ́yìn ìyẹn, yọ bíìtì, kó o wo ìdí rẹ̀. Bí ìdí bíìtì bá ti jẹ tàbí tó ti fẹ̀ bí olú, òòlù inú kò ní rí i gbá dáadáa mọ́. Fi bíìtì mìíràn tí ìdí rẹ̀ ṣì pé dán an wò lórí kọnkéré. Tó bá ṣì kọ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ọ́ríìngì, owó ọ́ríìngì kò sì sún mọ́ owó rewáyà rárá.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lù, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn gbogbo ohun tó o béèrè wà. Nínú híltì, mọ́tò ń yí gíà, gíà ń ti písítìnì síwá sẹ́yìn nínú sìlíńdà. Iwájú písítìnì yẹn ni òòlù irin kékeré kan wà, àmọ́ wọn kì í kan ara wọn. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn. Tí písítìnì bá sáré síwájú, ó máa fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló máa wá ta òòlù lọ gbá ìdí bíìtì. Nínú ẹ̀rọ tó tó tìẹ, èyí ń ṣẹlẹ̀ bí ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ríìngì, róbà dúdú roboto tó wé mọ́ òòlù náà, ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò. Bó bá ti jẹ tàbí tó gé, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ, písítìnì á máa lọ á máa bọ̀, òòlù kò ní mì. Ẹ̀rọ náà á máa yí, kò sì ní lù. Ohun tó o kọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ àyà títì yìí ti fẹ́ dìjà báyìí. Àwọn bíríkìlà tó dá sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ wà lẹ́yìn ọ̀gá rẹ. Wọ́n ní kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ lu dẹ́kìn tó ti pẹ́ láìfi ara tì í. Àwọn onísọ́là ní tiwọn sọ pé irọ́ ni, pé ọwọ́ kan gan-an tó, pé ọwọ́ kan làwọn fi ń lò ó lórí òrùlé. Èmi kò fara mọ́ ẹnì kankan nínú wọn.

Mo mọ ibi tí ọ̀gá rẹ ti mú tiẹ̀ wá, mi ò sì ní bú u. Dírìlì lásán, èyí tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ de bíìtì mọ́ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ní àwòrán òòlù lára bẹ́ẹ̀ kò ní òòlù kankan nínú. Àwo irin eléyín méjì ló ń gun ara wọn níbẹ̀. Bó o bá ṣe tì í tó ni yóò ṣe gbọ̀n tó. Ẹni tó fi irú ìyẹn kọ́ṣẹ́, tó fi jẹun fún ọdún púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ títì, bó bá wá gbé híltì, títì náà ni yóò máa tì í. Híltì kò rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe nǹkan àná. Láti 1932 ni Bosch ti ń ta òòlù oníná tó ń yí, orí SDS tí à ń ti bíìtì bọ̀ láìlo kọ́kọ́rọ́ sì ti wà láti 1975. Mú bíìtì tó wà nínú orí yẹn, kó o fà á díẹ̀, wàá rí i pé ó ń lọ ó ń bọ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Wọn ò gbàgbé láti dè é le o. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí òòlù lè máa gbá bíìtì nìkan, láìgbá ẹ̀rọ àti ọwọ́ ẹni tó mú un.

Títì tí híltì nílò kò ju èyí tí bíìtì kò fi ní máa fò kúrò lójú ihò. Tó o bá ti kọjá ibẹ̀, lílù kò ní le sí i, torí afẹ́fẹ́ ló ń ta òòlù, kì í ṣe àyà rẹ. Ohun tí àyà ń ṣe ni pé ó ń dẹ yíyí bíìtì lọ́wọ́. Mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kábọ̀ọ̀nù tó ń gbé iná wọ mọ́tò á máa yára jẹ, irin líle tí wọ́n jó mọ́ orí bíìtì á gbóná, ìgbà mìíràn á já sínú ògiri. Gbígbóná yẹn náà ló ń gbẹ ọ́ríìngì.

Ìró ni kó o fi mọ̀ ọ́n. Lọ sídìí òpó kan, fi ọwọ́ méjì mú ẹ̀rọ wọ́ọ́rọ́, kó o lu ihò kan. Wàá gbọ́ ìró kan tó mọ́, tó ń dún bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wá fara tì í. Ìró náà á rẹlẹ̀, á máa kùn, eruku tó ń jáde lójú ihò á sì dín kù. Eruku ni kó o máa wò: bí eruku ṣe ń tú jáde tó ni ihò ṣe ń jìn tó.

Bí bíìtì bá wá kọ̀ tí kò wọlé, kì í ṣe pé agbára kò tó. Bíìtì ti kú ni, tàbí o ti kan irin. Yọ ọ́, kó o wò ó. Má sì ti bíìtì tó gbóná bọ omi kó lè yára tutù, irin orí rẹ̀ á sán. Gbé e sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ.

* * *

Ọwọ́ ẹ̀gbẹ́. Lórí èyí, mi ò ní gba ẹ̀bẹ̀.

Mo wà ní Ọ̀dọ̀gùnyàn lọ́jọ́ tí wẹ́dà kan ń de bọ́gílárì mọ́ òpó báńkóńì. Bíìtì 16 mílímítà ló fi ń lù ú, kò sí ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ kan ló fi mú un, ó fi ọwọ́ kejì di bọ́gílárì mú. Bíìtì kan irin inú òpó, ó sì há pinpin. Nígbà tí bíìtì kò lè yí mọ́, ẹ̀rọ ló yí. Ìdí rẹ̀ gbá ọkùnrin náà lágbọ̀n, eyín rẹ̀ kan jáde, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ilẹ̀ pẹlẹbẹ ló sì dúró sí o! Ẹ wá fi í sórí àkàbà lójú fèrèsé òkè.

Ẹnìkan kọ ọ́ pé kúlọ́ọ̀ṣì wà nínú híltì fún irú nǹkan báyìí, pé ó máa ń yọ̀ tí bíìtì bá há. Òótọ́ ni, kakaka tó máa ń dún yẹn ni. Àmọ́ kí kúlọ́ọ̀ṣì tó yọ̀, agbára tó ti dé ọwọ́ rẹ ti tó láti yí ọrùn ọwọ́ sódì. Kúlọ́ọ̀ṣì sì máa ń jẹ, ti ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú míì kì í tètè yọ̀ rárá. Ọwọ́ kejì tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ló lè dá ẹ̀rọ dúró, ìdí tí wọ́n fi ṣe ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ nìyẹn.

Ní ti pé ó ń dí èèyàn lọ́wọ́ lórí àkàbà, ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ojú kan ló ń wà? Yí ìdí rẹ̀ kó dẹ̀, gbé e sí òsì, sí ọ̀tún, sókè tàbí nísàlẹ̀, ibi tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó o wá yí i padà kó le. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò tíì yí tiwọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ. Ibi tí ẹni tó tà á gbé e sí náà ló ṣì wà.

Bọ́tìnnì kékeré tó ń di síwíìṣì mú kó má bàa padà ńkọ́? Tó o bá wà lórí àkàbà, má fọwọ́ kàn án. Bí bíìtì bá há, tí o sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kó kú lójú ẹsẹ̀ lo fẹ́. Ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ṣe bọ́tìnnì yẹn fún, nígbà tó o bá ń họ ògiri tàbí tó o ń fọ́ ilẹ̀. Ṣísẹ́ẹ̀lì ọ̀hún náà, ojú tí wọ́n ya òòlù nìkan sí ni kó o gbé e sí. Mo ti rí ẹni tó fi í sí ojú yíyí, tí ṣísẹ́ẹ̀lì ń jó yípo nínú ògiri. Ẹ̀rọ ni kó o jẹ́ kó dúró tán pátápátá kó o tó yí kóńkó náà. Ẹni tó ń yí i bí mọ́tò ṣe ń lọ, eyín gíà ló ń rún.

Tó o bá sì kan irin nínú òpó tàbí nínú bíìmù, sún ihò rẹ síbòmíràn. Má gé e. Irin yẹn ló gbé ilé dúró, éésì kan kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ gé e. Bíìtì olórí mẹ́rin kì í tètè há sí irin bí olórí méjì, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ẹni tó bá ń lu òpó lójoojúmọ́ á rí èrè rẹ̀.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan láti Ìjẹ̀dẹ̀ ní kí a fi títì sílẹ̀, pé iná ló ń ba híltì jẹ́. Mo gbà fún un dé ààyè kan.

220 sí 240 fóltì ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń rà tuntun. Tí iná bá rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ náà á ṣì máa yí, àmọ́ fáànù tó ń fẹ́ mọ́tò, tó wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kò ní yára mọ́. Iṣẹ́ kò dín kù, ìtutù dín kù. Èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyà tì í nítorí pé kò lágbára, a tún ti padà sídìí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I pass my neighbour, 950 ni wọ́n kọ sí i lára, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 650 wáàtì ló lè gbé láìsinmi. Híltì 800 wáàtì kò sí lára ẹrù rẹ̀. Wàá gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń kérora gbàrà tí bíìtì bá wọ kọnkéré. Wá èyí tó ju 2 kíífíéè (kVA) lọ. Ẹ̀sítẹ́ńṣàn náà: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo tẹlifíṣàn kò yẹ fún híltì, pàápàá tó bá gùn. Wáyà 2.5 ló yẹ, tó bá sì jẹ́ èyí tó ń ká mọ́ra lórí kẹ̀kẹ́, tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó o tó tan ẹ̀rọ. Bó bá wà ní kíká, ooru á mú un, róbà rẹ̀ á yọ́ mọ́ra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn tókúnbọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sílẹ̀. Híltì tó wá láti Amẹ́ríkà, 120 fóltì ni. Èyí tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Ìlú Ọba, tí orí wáyà rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò tó sì rí roboto, 110 fóltì ni. Àwọn kan máa ń gé orí yẹ́lò yẹn dànù, wọ́n á de ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà á sáré lọ bí ẹni pé ó lágbára ju gbogbo ẹ̀rọ lọ, á rú èéfín, ó parí. Ọ̀rọ̀ kọ́ìlì tó jó gidi nìyẹn. Ẹ ka àkọlé irin tó wà lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ 110, ẹ ra tiransifọ́mà rẹ̀ mọ́ ọn tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.

* * *

Wọ́n bi mí léèrè nípa gírísì, mo sì rí i pé ẹnìkan ti sọ pé ẹ́ńjìnì ọ́ìlì ni kí wọ́n rọ sí i. Rárá o. Ọ́ìlì ṣàn jù. Á gba ẹ̀gbẹ́ gíà jò lọ bá mọ́tò, kábọ̀ọ̀nù á máa tàn yanyan.

Ibi méjì ni gírísì ń lọ, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ti ìdí bíìtì, ìwọ̀nba ni, nígbàkígbà tó o bá fẹ́ ti bíìtì bọ orí. Nu ìdí náà mọ́ ná, torí eruku kọnkéré tó bá pò mọ́ gírísì á máa lọ orí SDS títí yóò fi fẹ̀. Ti inú gíà, ẹni tó tú ẹ̀rọ ló ń fi í sí i, gírísì tí wọ́n ṣe fún òòlù oníná ni kó jẹ́. Má kún un dẹ́nu. Mo mọ̀ pé ojú wa máa ń fẹ́ kí nǹkan pọ̀, àmọ́ gírísì tó pọ̀ jù á wọ ibi tí afẹ́fẹ́ yẹ kó wà, òòlù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ á sì máa gbóná.

Kábọ̀ọ̀nù: méjì-méjì là ń pààrọ̀ wọn, kódà bí ọ̀kan bá ṣì gùn. Ọ̀pọ̀ ní ìlà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń fi ibi tó yẹ kó jẹ dé hàn. Èyí tí kò bá ní ìlà, tó bá ti ku nǹkan bíi mílímítà 5 tàbí 6, yọ ọ́. Iná kékeré aláwọ̀ búlúù níbi kábọ̀ọ̀nù kò burú. Tí iná náà bá ti ń yí gbogbo bàbà tí kábọ̀ọ̀nù ń fara kàn po, pa á.

* * *

Ìyá kan ní Ọ̀wùtù béèrè nǹkan tó yàtọ̀. Ó ní ẹni tó wá de éésì fún ayálégbé òun lu ògiri, ẹ̀yìn ògiri náà bó sínú yàrá kejì, ó tó àwo oúnjẹ, irin tó gbé éésì níta sì ti ń mì. Ṣé ẹ̀rọ ni àbí ọwọ́?

Mà, ọwọ́ ni. Búlọ́ọ̀kù wa, bó jẹ́ ti ínṣì 9 bó jẹ́ ti 6, ihò ló wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ tó le kò nípọn, yanrìn rẹ̀ sì máa ń pọ̀ ju simẹ́ńtì lọ. Ẹni tó bá gbé híltì sí ojú lílù, tó sì fi àyà tì í, bíìtì á já sínú ihò búlọ́ọ̀kù lójijì, á sáré lọ gbá ara kejì láti inú, ibẹ̀ ló sì ti máa bó. Ojú yíyí nìkan ni kó gbé e sí fún búlọ́ọ̀kù, kó jẹ́ kí bíìtì gé e lọ díẹ̀díẹ̀. Táìsì náà bẹ́ẹ̀: kó má ṣe lù ú rárá títí bíìtì yóò fi kọjá táìsì, kó sì lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú ibẹ̀ kí bíìtì má bàa yọ̀.

Ti irin tó ń mì yẹn, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Rọ́ọ̀lù bóòtù ń fẹ̀ nínú ihò ni kó tó di nǹkan mú. Nínú búlọ́ọ̀kù oníhò, kò rí ohun tí yóò fẹ̀ mọ́, tàbí kó fẹ̀ kó sán ara búlọ́ọ̀kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé éésì náà sókè sí ara líńtẹ́lì tàbí sí òpó, tàbí kí wọ́n lo ọ̀pá bóòtù gígùn tó la ògiri já, pẹ̀lú àwo irin fífẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ilé. Kí ẹnikẹ́ni má kọjá lábẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe é.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń lu ògiri ní ilé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ kì í rántí. Wáyà inú ògiri sábà máa ń ti òkè sílìǹgì sọ̀kalẹ̀ tààrà wá sínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì àti síwíìṣì. Má lu òkè wọn gan-an, má sì lu ìsàlẹ̀ wọn. Kì í sì í ṣe pé o pa méènì, o ti bọ́. Ìkòròdú ti kún fún sọ́là àti ínfátà báyìí. Méènì lè kú kí iná ínfátà ṣì wà nínú wáyà náà. Béèrè lọ́wọ́ onílé, pa méjèèjì, kó o fi tẹ́sítà kan ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà kó o tó lù ú.

* * *

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ eruku, torí mo rí ọmọdékùnrin kan nínú fọ́tò tí ẹnìkan gbé síbí, tó ń fi ẹnu fẹ́ inú ihò, ojú rẹ̀ funfun bíi ti ẹni tó kó sínú ẹ̀kọ gbígbẹ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Yanrìn ló wà nínú kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù, tí híltì bá lù ú, á lọ̀ ọ́ kúnná débi tí ojú kò fi ní rí èyí tó burú jù nínú rẹ̀. Ìyẹn ló ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Àpá tó ń dá síbẹ̀ kò ní oògùn tó ń wò ó sàn. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò dí i. Ìbòmú N95 ló lè dí i, kó sì fún mọ́ ojú dáadáa. Pọ́ǹpù kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fi nu ihò. Kẹ́ ẹ sì nù ún o, torí eruku tó kù nínú ihò kì í jẹ́ kí rọ́ọ̀lù bóòtù di ògiri mú.

Tó bá jẹ́ sílìǹgì lẹ̀ ń lù, eruku á máa rọ̀ sórí SDS àti sínú mọ́tò. Ẹ gé ìdí ike omi kan, kẹ́ ẹ dá ihò sáàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ ti bíìtì kọjá níbẹ̀ kí ẹnu ike náà kọjú sókè. Á gba púpọ̀ nínú eruku náà. Kẹ́ ẹ lo gọ́ọ̀gù. Etí náà ńkọ́: òwú kò tó, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún un.

Gbígbọ̀n náà wà ńbẹ̀. Àwọn àgbà bíríkìlà tó ń sọ pé ìka àwọn máa ń kú láàárọ̀, tó máa ń funfun nígbà òtútù, ẹ má pè é ní àrùn ọjọ́ ogbó. Òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2002 sọ bí gbígbọ̀n tó ń wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ lóòjọ́ ṣe gbọ́dọ̀ mọ. Pẹ̀lú híltì tí ìwé rẹ̀ kọ gbígbọ̀n 15 m/s² sí, ẹni tó bá tẹ síwíìṣì rẹ̀ fún àròpọ̀ nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 ti dé ibi tó yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bò ó, bó bá sì tó ìṣẹ́jú 53, ó ti dé òpin fún ọjọ́ náà. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sínú ìwé tiyín. Ẹ máa gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ara yín. Àyà tí à ń fi tì í sì ń gba gbígbọ̀n náà, kì í ṣe ọwọ́ nìkan.

* * *

Àbúrò ti padà wá. Ó ní kóńkó wà láyè rẹ̀, bíìtì tuntun kò yí nǹkan kan padà, ó wá tú u lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Ọ́ríìngì òòlù ti gé sí méjì, gírísì inú rẹ̀ ti dúdú, ó le bí amọ̀, eruku sì wà nínú rẹ̀. Mọ́tò kò ní nǹkan kan tó ṣe é.

O ṣeun tó o jẹ́ ká gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Ọ́ríìngì jẹ́ ohun tó ń jẹ, nínú ẹ̀rọ olówó ńlá pàápàá. Ohun tó mú tìẹ yá jù ni ooru, pẹ̀lú eruku tó gba orí wọlé nítorí pé ìdí bíìtì kò rí gírísì.

Má ra ọ́ríìngì pọ́ǹpù omi fi dí i. Róbà rẹ̀ lè má gba gírísì àti ooru. Mú èyí tó gé lọ́wọ́, kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kó o béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún un. Gbogbo ọ́ríìngì inú rẹ̀ ni kó o pààrọ̀ pọ̀, má pààrọ̀ ọ̀kan. Fi aṣọ rírọ̀ nu gírísì dúdú kúrò nínú sìlíńdà pátápátá, má fi ìwé yanrìn họ ọ́. Fi gírísì pa ọ́ríìngì tuntun kó o tó tì í wọlé kó má bàa gé sẹ́nu sìlíńdà. Bó o bá ti dè é tán, jẹ́ kó yí lófìfo fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó o tó gbé e lọ sára kọnkéré.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má lọ bá a jiyàn. Gbé ẹ̀rọ náà lọ kí i, de ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, kó o lu ihò kan níṣojú rẹ̀ lórí òpó pẹ̀lú bíìtì tó mú. Òun fúnra rẹ̀ á gbọ́ ìró rẹ̀.

Kó o tó ra nǹkan kan, tan tọ́ọ̀ṣì sínú sìlíńdà yẹn ná. Tó o bá rí ìlà tó họ inú rẹ̀, tí èékánná rẹ ń kọ́ lára rẹ̀, ọ́ríìngì tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀, sìlíńdà gan-an lo máa pààrọ̀. Ya fọ́tò rẹ̀ wá ká jọ wò ó.